Sakaráyà, Dókítà Tó Fòfin De Iyán

Ẹ jẹ́ kí n fi Sakaráyà Ọdẹ́yẹmí hàn yín, nítorí bí ẹ bá ní kí òun fúnra rẹ̀ fi ara rẹ̀ hàn, ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, kò ní tíì kan orúkọ bàbá rẹ̀. Ìkàrẹ́ Àkókó ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tó ti ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ wọn ní Èkó àti ní Kùmásì. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n Sakaráyà ní iṣẹ́ náà kéré sí orí òun, orí ọ̀hún sì tóbi lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan ó ra ẹ̀pà. Nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ẹ̀pà náà ló ti kà á pé ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Íńdíà tó ń kọ́ni ní Àyúfẹ́dà nípasẹ̀ lẹ́tà, ẹ̀kọ́ méjìlá péré, ènìyàn á sì di oníṣègùn láì kúrò lórí àga rẹ̀. Àyúfẹ́dà ni ìmọ̀ ìlera tí àwọn ará Íńdíà bá lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn. Ìmọ̀ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni o. Ẹni tó lọ kọ́ ọ ni kí ẹ máa bá mi wò.

Ọdún kan gbáko ni Sakaráyà fi kàwé ní gbàgede ilé rẹ̀, tó ń ké e sókè kí àwọn tó ń lọ sọ́jà lè gbọ́. Nígbà tí ìdánwò dé láti Íńdíà, inú yàrá rẹ̀ ló ti ṣe é, òun náà ló sì ṣọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun ṣọ́ra òun dáadáa, òun kò rí ara òun níbi tí òun ti ń jí ìwé wò. Ìwé ọ̀hún ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, kí ni yóò tún jí wò?

Bí ìwé-ẹ̀rí ṣe dé báyìí, tí wọ́n ya erin sí i lórí, ayé bàjẹ́. Pátákó gun iwájú ilé: DÓKÍTÀ S. ỌDẸ́YẸMÍ, ONÍṢÈGÙN ÀYÚFẸ́DÀ. Sakaráyà, a-wo-ikùn bí ẹní ń wo dígí! Ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí tó ń júwe ọ̀nà Bọ́ḿbè ní Íńdíà! Bí ìwé bá pọ̀ lágbárí, ẹnu ní í gbà jáde.

Ìwé rẹ̀ sọ pé nǹkan mẹ́ta ló ń ṣàkóso ara ènìyàn: afẹ́fẹ́, iná àti omi. Sakaráyà á di ọwọ́ aláìsàn mú, á pajú dé, á mi orí. "Omi ló pọ̀ nínú rẹ." Gbogbo Ìkàrẹ́ pátá ni omi pọ̀ nínú wọn! Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, omi. Ẹni tí kò rí oorun sùn, omi. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ kẹta ní kí ẹni tí omi bá pọ̀ nínú rẹ̀ dín oúnjẹ tó wúwo kù. Ẹ̀kọ́ keje ní kí oníṣègùn má ṣe já oúnjẹ ilẹ̀ baba ẹni gbà lẹ́nu ẹni. Sakaráyà fa ilà sábẹ́ ìkẹta, ó ṣí ìkeje kọjá.

"Kò sí oúnjẹ tó wúwo tó iyán," ló wí. "Mo fòfin dè é."

Ní Àkókó! Ẹni tó ní kí ará Àkókó má jẹ iyán, ó kù díẹ̀ kó ní kí wọ́n má mí mọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ní kí wọ́n máa sè pọ̀ títí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, láìsí epo, láìsí ata, láìsí ẹran. Ó tún fi ọ̀kan lé e: "Iṣu tó wà nílé yín, ìdẹwò ni. Ẹ kó o wá bá mi, kí n bá yín ru ẹrù ìdẹwò náà." Wọ́n kó o wá. Tó bá di ọjọ́ ọjà, bọ́lẹ́kájà á gbé ìdẹwò lọ sí Èkó, Dókítà á sì wọ bàtà tuntun.

Ohun kan tí n kò ní fi dù ú ni pé òun náà kò jẹ iyán. Ìgbéraga ló dì í mú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, tó ń fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀, pé bí òun bá gbọ́ ìró odó ní àdúgbò, òun á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, itọ́ á sì kún ẹnu òun.

Bridget ìyàwó rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ọ̀kà ni, ọmọ Ògúnsúyì ọdẹ, kò sì sí ẹni tó mọ iyán gún tó o ní àdúgbò yẹn.

"Bàbá Bíọ́dún, iṣu kún ilé títí dé àjà, àwa ń ṣa ẹ̀wà jẹ bí ẹyẹlé."

"Omi ló pọ̀ nínú rẹ, Bridget."

"Omi?"

"Omi."

"Ó dáa. Omi kì í dúró lójú kan."

Ó pọn Bíọ́dún, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Ọ̀kà. Orí òkè ni Ọ̀kà wà o, ṣùgbọ́n omi yìí ṣàn gòkè.

Ọjọ́ kìíní, Sakaráyà ní kó máa lọ. Ọjọ́ kejì, ó ní á padà. Ọjọ́ kẹrin, ó sọkún, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé èéfín ni, bẹ́ẹ̀ kò dá iná kankan. Ó fẹ́ràn obìnrin yẹn dé egungun. Ilé tí kò sí ohùn Bridget, ìwé-ẹ̀rí ọgọ́rùn-ún kò lè kún un.

Ṣé kó wá lọ bẹ̀bẹ̀? Dókítà? Ó rò ó títí, ó ní òun kò ní lọ bí ẹlẹ́bẹ̀, òun á lọ bí oníṣègùn. Òun á fi ìmọ̀ han àwọn àna òun, wọn á fi ìyàwó òun lé òun lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyìn, Ọ̀kà á sì di ẹ̀ka kejì iṣẹ́ òun. Ó mú aláìsàn méjì dání kí wọ́n lè jẹ́rìí: Badmus alápatà, tó jẹ́ pé okùn ló ń gbé ṣòkòtò rẹ̀ dúró báyìí, àti Ìyátúndé aláṣọ, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n ti lò lórí ẹ̀wà àti ìrẹsì.

Ẹbí ti pé sí agboolé Ògúnsúyì nígbà tí wọ́n dé. Sakaráyà dọ̀bálẹ̀ ní ìlàjì nítorí kóòtù tuntun tó wọ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ó sọ ti afẹ́fẹ́, ó sọ ti iná. Nígbà tó kan omi, ó na ọwọ́ sí Badmus.

"Ẹ wò ó! Níbo ni ikùn rẹ̀ wà?"

"Èmi náà ń wá a," ni Badmus dáhùn.

Bàbá Ògúnsúyì kò rẹ́rìn-ín. "Àna mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n nínú agboolé yìí, a kì í fi ẹnu lásán gba ìyàwó padà. Oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ bá sè ni wàá jẹ lójú gbogbo wa. Bí o bá jẹ ẹ́, ìjà parí. Bí o bá kọ̀ ọ́, o ti kọ òun náà nìyẹn, a ò sì ní bi ọ́ léèrè mọ́."

Bridget jáde. Iyán ló gbé, ó funfun, ó ń yọ èéfín, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ọ̀yà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

Òógùn bo Sakaráyà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ìrẹsì?"

"Ìrẹsì? Kérésì ti dé ni?"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Sakaráyà wo ẹ̀yìn, Badmus àti Ìyátúndé tẹjú mọ́ ọn. Bó bá jẹ ẹ́, iṣẹ́ dókítà ti tán. Bí kò bá jẹ ẹ́, Bridget ti lọ. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Omijé ti wà lójú rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó já bọ́.

"Bàbá Bíọ́dún," ó wí jẹ́jẹ́, "iyán ń tutù."

Sakaráyà fọwọ́.

Ó ní òkèlè kìíní, nítorí Bridget ni. Ìkejì, nítorí Bàbá. Ìkẹta, òun kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọbẹ̀ kán sí kóòtù, kò wò ó. Gíláàsì tó fi ń kàwé bọ́ lójú rẹ̀, kò mú un. Ìgbà tó gbójú sókè, ìka rẹ̀ ló ń lá.

"Yéè!" ni Badmus ké. "Èmi alápatà! Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo fi ń gé ẹran fún ọmọ ọlọ́mọ, tí mò ń lọ sílé lọ lá ẹ̀wà!"

"Iṣu mi dà?" ni Ìyátúndé bi í. "Sakaráyà, iṣu mi dà?"

Iyán kún ẹnu Dókítà, irọ́ kò ráyè kọjá. "Ó ti lọ sí Èkó."

Háà! Àwọn ọmọdé Ọ̀kà ti sọ ọ́ di orin kó tó gbé e mì. Àwọn àgbà ń fọwọ́ lu itan. Ẹnìkan ní ṣé kí wọ́n bu omi kún omi rẹ̀. Sakaráyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti kóòtù, nínú erùpẹ̀.

"Ìwé Íńdíà kò ṣẹ̀, Bàbá. Òmùgọ̀ tó kà á ni. Ìyátúndé, Badmus, ẹ dárí jì mí. Gbogbo ohun tí mo gbà, màá dá a padà."

"Ìyẹn di Ìkàrẹ́," ni Bàbá wí. "Ebi ń pa àwọn méjì yìí nísinsìnyí. Iṣu tó ti jinná wà nílẹ̀. Ta ni yóò gún un?"

Gbogbo ojú ló wà lára ẹnìkan. Dókítà bọ́ kóòtù, ó ká apá aṣọ sókè, ó gbá ọmọ odó mú lójú ọmọdé àti àgbà Ọ̀kà. Ó ń gún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Badmus jókòó tì í, ó sì ti fọ ọwọ́ rẹ̀ de iyán. Bridget súnmọ́ odó, ó fi ìka bu díẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìkàrẹ́.

"Kókó ṣì pọ̀ níbẹ̀," ó wí. "Gún un sí i, Dókítà."