Iná Tí Kò Sí, Ta Ló Ń Fi Í Ṣòfò?

Ọjọ́ kẹta nìyí tí iná ti lọ ní àdúgbò Ìlàjẹ, ní Bàrígà. Beatrice Ikúmápàyí, ìyá ẹlẹ́ja, ti ki ọwọ́ bọ fírísà nígbà mẹ́rin láti àárọ̀, yìnyín sì ti ń rọ̀. Ọ̀bọ̀kún inú ẹ̀ ni gbogbo ọjà rẹ̀. Bó bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn. Irú àkókò yìí ni Olúmúyìwá, ọmọ ẹgbẹ́ Ẹ-Má-Fi-Iná-Ṣòfò, wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́rùn dé!

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. A wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná lò."

"Iná dà, ọmọ mi?"

"Háà, Mọ́mì! Ẹ ò pa súìsì kankan! Gílóòbù, rédíò, fáànù!"

"Kí n wá pa wọ́n kẹ̀? Ṣebí iná ò sí."

"Ẹ̀ ń fi iná ṣòfò nìyẹn o!"

"Iná tí kò sí, báwo ni mo ṣe ń fi í ṣòfò? Tí mo bá jókòó síwájú ilé, gílóòbù yẹn ló ń sọ fún mi pé iná dé. Tí mo bá ń dáná, rédíò á pè mí. Tí mo bá sùn, fáànù á fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀."

"Ayé ti kọjá ìyẹn, Mọ́mì. Ohun tí a ò bá lò, ká pa á."

"Fírísà ńkọ́?"

"Òun gan-an ló burú jù! Bí iná bá fi agbára dé, ó lè jó o."

Jíjó yẹn ló já Beatrice láyà. Ó ní kó máa pa á. Olúmúyìwá pa gbogbo ẹ̀ pátá, ó wúkọ́, ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu.

"Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ!"

"Èmi nìkan ló wà níbí."

"Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ! Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ!"

Ó kọ́ ọ títí ó fi dé ẹ̀kọ́ kẹsàn-án.

"Dákẹ́ ná, ọmọ mi. Kí ni wọ́n ń pariwo níta yẹn?"

"Ẹ má dá wọn lóhùn. Wọn ò tíì gba ẹ̀kọ́. Ẹ̀KỌ́ KẸWÀÁ!"

Beatrice yọjú síta. Ní ṣọ́ọ̀bù Serifat aránṣọ, fáànù ń yí fìrìfìrì.

"Yéè! Iná ti dé! Olúwa ló mọ ìgbà tó ti dé!"

"Ó... ó ti dé?"

"Bí wọ́n bá mú un lọ kí n tó tan fírísà, gbogbo ọ̀bọ̀kún yìí, ìwọ lo máa jẹ ẹ́ tán!"

Ó sáré, ó ta lu abọ́ omi, ó tan súìsì gbogbo. Fírísà kùn hùùn. Beatrice gbé àyà lé e lórí, ó ń dúpẹ́, omi lójú ẹ̀. Olúmúyìwá ti ká ẹ̀wù sókè níwájú fáànù, ó ń mí kanlẹ̀.

Ni Beatrice bá dìde, ó pa gílóòbù, ó pa rédíò.

"Mọ́mì, iná ti dé, ẹ wá ń pa á!"

"Mo ti mọ̀ pé ó dé. Kí ni mo tún fẹ́ fi gílóòbù ṣe lọ́sàn-án gangan?"

Ó na ọwọ́ sí súìsì fáànù.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì, ẹ fi fáànù yìí sílẹ̀. Ooru ń mú mi."

"Atẹ́gùn ń fẹ́ níta. Àwọn tó rán ẹ níṣẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ wọn pé wọn kì í fi iná ṣòfò ni?"