Ọjọ́ Tí Mo Jẹ́ Ìpè Nínú Ọjà Ouando

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Ọjọ́ náà ni gbogbo àwọn tó ń ta òwú ní ọjà Ouando dìde dúró láti wo ẹ̀yìn ṣòkòtò mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo sì kọ́ ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wọn níwèé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Gìtá ló fà á. Ìyàwó mi, Ìyá Múnírà, tó kú lọ́dún tó kọjá, ní ohùn kan tó wúwo ju ohùn obìnrin lọ. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá pè é lórí fóònù, "Ẹ káàárọ̀, bàbá" ni onítọ̀hún máa ń kí i. Kì í bínú. Yóò ní, "Bàbá ti jáde o. Ẹ bá mi sọ ọ́, èmi náà ò kéré." Bí mo bá ń ta gìtá lẹ́yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́, yóò máa fi imú kùn tẹ̀ lé mi níbi tó ti ń to bọ́tìnnì sínú agolo, nítorí òwú àti bọ́tìnnì ló ń tà ní Ouando. Ibi tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, gìtá mi kò dé ibẹ̀. Abẹ́ orin mi ló máa ń wà, bí ilẹ̀ ṣe ń wà lábẹ́ ilé. Lẹ́yìn tó kú, mo gbé gìtá náà lẹ́ẹ̀kan, mo ta á díẹ̀, mo sì gbé e sílẹ̀. Kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́.

Mo wá kà nípa gìtá kan tí àwọn Faransé ń pè ní bárítọ̀n. Ọrùn rẹ̀ gùn, okùn rẹ̀ nípọn, ohùn rẹ̀ sì wà láàárín gìtá lásán àti gìtá báàsì tó wúwo jù. Ibẹ̀ gan-an ni Ìyá Múnírà máa ń wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ra èyí tí wọ́n ń tà lókè òkun, àwọn ọmọ mi yóò pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí. Mo pinnu láti ṣe tèmi.

Mo kọ́kọ́ dẹ okùn gìtá àtijọ́ mi kí ohùn rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Ó rọ̀ bíi makaróní tó pẹ́ lórí iná. Mo wá lọ sí Tokpota, mo ra wáyà ìjánu lọ́wọ́ ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe. Ó bi mí pé irú alùpùpù wo ni mo ní. Mo ní gìtá ni. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ọlọ́run á tù yín nínú." Nígbà tí mo fa wáyà náà le, igi pẹlẹbẹ tó di okùn mú já kúrò lára gìtá, ó fò kọjá ògiri, ó sì bọ́ sínú ọbẹ̀ aládùúgbò mi. Obìnrin náà gbé e wá fún mi, epo ṣì wà lára rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Bí ìyàwó èèyàn bá kú, àwọn ará àdúgbò máa ń fi í sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe fẹ́ fúngbà díẹ̀.

Mo gbé gìtá náà lọ bá Ràfíù, gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Djègan-Kpèvi, pé kó bá mi ṣe ọrùn tuntun sí i. Àga àti ilẹ̀kùn ni Ràfíù mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ṣe gìtá rí, kò sì fẹ́ kí n mọ̀.

"Báwo ni kó ṣe gùn tó, ẹ̀gbọ́n?"

"Kó kàn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀."

"Igi tó wà nílẹ̀ yìí dáa o. Kò yẹ ká gé e dànù."

Kò gé e dànù lóòótọ́. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ọrùn gìtá mi gùn bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Ràfíù náà rí ojú mi. "Bí kò bá dún, ẹ̀gbọ́n, ọ̀sà ò jìnnà."

Mo fi aṣọ dì í, mo dá zẹmíjàn kan, alùpùpù akérò, dúró pé kó gbé mi lọ sí Ouando, sọ́dọ̀ Fàtáì tó ń ta fóònù, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti okùn gìtá. Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ sọdá lórí alùpùpù, mo gbọ́ "fàà." Mo rò pé aṣọ tí mo fi di gìtá ló ya. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò ya, inú mi sì dùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nígbà tí a máa wọ ọjà, ọrùn gìtá kọ́ agboòrùn ẹnì kan, a sì fà á lọ díẹ̀ ká tó mọ̀. Mo bẹ ẹni tó ni ín, mo bẹ onízẹmíjàn, mo wọlé.

Fàtáì bá mi wá okùn báàsì tó wọ gìtá náà, ó sì pa orin tó ń lù kí n lè gbọ́ ohun tí mò ń ṣe. Ó kù kí n mọ ibi tí ohùn okùn yóò dúró sí. Mo mọ ibi tí mo ti lè rí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu tí Ìyá Múnírà fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù ṣì wà lórí fóònù mi. Láti ìgbà tó kú, mi ò tíì gboyà láti gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ ní èmi nìkan nínú ilé. Mo rò pé ariwo ọjà yóò bò mí mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bó ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kò gbà láyé rẹ̀ pé ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè dá a lóhùn. Yóò kọ́kọ́ pè mí, yóò dúró kí n dáhùn, kó tó wá sọ ohun tó fẹ́ sọ. Èmi náà a sì máa dáhùn, níbikíbi tí mo bá wà. Ó ti mọ́ mi lára.

Mo tẹ fóònù. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ ẹ̀yìn sí ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ síbi tí oòrùn kò dé kí n lè rí ojú fóònù, mo gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin, mo sì tún tẹ̀ ẹ́. Mo ti gbàgbé pé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Fàtáì so fóònù mi, láìlo wáyà, mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá kan tó gbé kọjú síta, nítorí ó fẹ́ kí n rà á. Fóònù kò gbàgbé.

"Bàbá Múnírà o."

Ohùn náà kún gbogbo ọjà. Ó tún wúwo ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"Bàbá Múnírà. Ẹ ò ní dá mi lóhùn ni?"

Mi ò rò ó rárá. "Mò ń gbọ́ o, Ìyá Múnírà."

"Ó dáa," ni ohùn náà wí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà. Bí òkú bá pe èèyàn, èèyàn kì í jẹ́ ẹ, nítorí ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti gbà láti tẹ̀ lé e lọ. Èmi sì jẹ́ ẹ lójú ọjà, òkú sì ní ó dáa. Mo gbọ́ tí igbá ẹnì kan bọ́ sílẹ̀. Fàtáì sá jáde nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀, àwọn kan sì sá tẹ̀ lé e. Ohùn náà kò sì tíì parí.

"Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tẹ́ ẹ wọ̀ yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ níwájú èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, ẹ ra búrẹ́dì."

Mo ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo àwọn tó ń ta òwú sì ti dìde láti wo ẹ̀yìn mi. Ṣòkòtò aláwọ̀ eérú náà ni mo wọ̀. Ó rán an nígbà ayé rẹ̀. Ojú rírán yẹn ló tún ya lórí alùpùpù.

"Ó ń rí wọn," ni ẹnì kan wí lẹ́yìn mi. Ìyá Lámídì ni, tí òun àti ìyàwó mi jọ ń tajà lábẹ́ àtíbàbà kan náà. Kò pariwo, ìyẹn ló dẹ́rù bani.

Mo nà dúró, mo fi ọwọ́ bo ẹ̀yìn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí olùkọ́. "Ìyá Lámídì, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ́."

"Ṣòkòtò ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn ló ya."

"Kò ya báyìí?"

Mo fọwọ́ kàn án. "Ó ya."

"Ẹn-ẹn." Ó sún mọ́ mi. "Ẹ kọ̀ ọ́, Bàbá Múnírà. Ẹ ní ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ́ ẹ, pé ẹnu yín ló ṣèèṣì."

"Ẹ sọ ọ́, bàbá, kí n lè padà wọlé," ni Fàtáì wí láti ìta.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo wò wọ́n, mo wo fóònù. "Mi ò lè sọ ọ́," ni mo wí. "Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń wá ohùn yẹn. Ó pè mí, mo jẹ́ ẹ. Mi ò ní sọ pé èmi kọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Lámídì nawọ́ sí fóònù náà.

"Ẹ tún fi sí i," ló wí.

Mo tún fi sí i. Nígbà tó débi tí ohùn náà ti ń dúró de ìdáhùn, mo di ẹnu mi pa. Ìyá Lámídì ló dáhùn: "Wọ́n ń gbọ́, ọ̀rẹ́ mi. Ṣòkòtò yẹn, mo ti rí i."

"Ó dáa," ni ìyàwó mi wí.

Ìyá Lámídì tú ìborùn rẹ̀, ó so ó mọ́ mi nídìí, ó sì bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi igi gígùn yìí ṣe. Mo ṣàlàyé. Ni àwọn tó ti sá bá ń padà wá níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá ohùn okùn.

"Ó ṣì ga."

"Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Ohùn rẹ̀ wúwo ju báyìí lọ."

"Ṣé ìwọ ló máa sọ fún mi? Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè bọ́tìnnì, mo mọ ohùn rẹ̀ dáadáa."

Mo dẹ̀ ẹ́, wọ́n jiyàn, mo tún fà á díẹ̀, títí gbogbo wọn fi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni mo fi í sí.

Mo fi ìborùn obìnrin gun zẹmíjàn padà sílé. Mo dúró lọ́nà, mo ra búrẹ́dì.

Gìtá náà kò dáa, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ọrùn rẹ̀ ti ń tẹ̀, àwọn okùn yòókù kò sì gbọ́ ara wọn yé. Ṣùgbọ́n èyí tó nípọn jù dé ibi tí mo fẹ́ kó dé. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn yẹ ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀ lójú ọjà. Ìyá Lámídì bá mi rán an. Ó ní òwú aláwọ̀ eérú ti tán, pupa ló fi rán an, bẹ́ẹ̀ òwú ló ń tà. Mo máa ń wọ̀ ọ́ bí mo bá fẹ́ ta gìtá lẹ́yìnkùlé. Mo máa ń ta okùn tó nípọn yẹn lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn, lẹ́yìn náà ni mo máa ń rẹ́rìn-ín ara mi.