Ìkéde Ìwé Ẹ-Ṣọ́ra: Kí Olúkúlùkù Mú Orúkọ Gidi Jáde

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìrókò-Méjì, tọmọdé tàgbà, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń jẹun, kó dá ọwọ́ dúró nínú àwo! Ẹni tó ń wẹ̀, kó fi ọṣẹ sílẹ̀ lójú, etí nìkan la fẹ́ lò! Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà, kó sàmì síbi tí ìjà dé, tí mo bá kọjá tán kó padà síbẹ̀! Gó-gó-gó! Agogo ààfin ló dún yẹn. Kábíyèsí Onírókò kí yín. Ó ní ẹ kú iṣẹ́. Ó sì ní kí n bú yín díẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀!

Ẹ ṣáà rántí Ìwé Ẹ-Ṣọ́ra. Ìjọba ló kọ ọ́. Orúkọ àwọn tí kóòtù ti dá lẹ́bi pé wọ́n fipá bá ènìyàn lòpọ̀, tàbí pé wọ́n ba ọmọdé jẹ́, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò wọn àti ibi tí wọ́n ti gbé. Gbogbo ayé ló láṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Orí kọ̀ǹpútà ló wà, ní ilé ìkàwé ìlú, lọ́dọ̀ ọmọ wa Fadérera tó ń tọ́jú ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni! Ọjọ́ ọjà tó kọjá ni ọba ní kí ẹ lọ máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí bọ́ọ̀sì kan ń gbéra lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọbìnrin mẹ́rìnlá láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ń lọ sí ìdíje ìṣirò ní olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n máa lò níbẹ̀. Dírẹ́bà tí gbogbo yín ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́ ló ní òun máa gbé wọn lọ. Ọba ní ká tó kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀, ká wo ìwé ná. Ohun tó rọrùn bí ẹní fẹran jẹ̀kọ!

Ẹ wá wo ohun tí ẹ fi ṣe! Olóyè Láníhùn dé ilé ìkàwé pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀, pẹ̀lú ayàwòrán. Ó ní kí wọ́n wá orúkọ òun. Kò sí. Olóyè fárígá! Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe yọ orúkọ òun kúrò lára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, òun tí òun ra páànù mẹ́fà. Ó ní ohunkóhun tó bá gbà, kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i, ojú ìwé kìíní sì ni òun ń fẹ́! Fadérera rọra ka àkọlé ìwé náà fún un. Háà! Ẹ̀yìnkùlé ni Olóyè gbà jáde. Agbádá há sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yọ ara kúrò nínú rẹ̀, ó sá lọ. Agbádá yín ṣì wà níbẹ̀ o, Olóyè, ẹ wá mú u!

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ńkọ́? Ẹ tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n bá òun wá Akọ̀wé. Ọ̀kan ní Bàbá Ìbejì. Ọ̀kan ní Ọkọ-mi-Kékeré! Fadérera bi yín pé kí ni àwọn ọkùnrin yìí ń jẹ́ gan-an. Ariwo ta! Ẹ ní irú ẹ̀kọ́ ilé wo ló gbà, tó ń ní kí ìyàwó pe àna rẹ̀ lórúkọ? Ó tẹ ohun tí ẹ sọ. Kọ̀ǹpútà ní kò sí. Ó tẹ Bàbá Jẹ́jẹ́. Kò sí! Wọ́n wá bi èmi Akéde, torí gbogbo yín mọ̀ pé àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá wa ló yàtọ̀, ìlú bàbá tirẹ̀ ló ti dàgbà kó tó wá bá wa níbí ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Mo ní Àkànní là ń pè é nílé. Wọ́n tẹ Àkànní. Kò sí!

Ni ayọ̀ bá ṣubú lu ayọ̀! Ẹ ní ìlú wa mọ́! Ẹ jó yí ilé ìkàwé ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kábíyèsí fúnra wọn gbẹ́sẹ̀ díẹ̀, mo rí wọn. Fadérera nìkan ni kò jó. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọba. Ó ní Kábíyèsí, adájọ́ kì í dá Bàbá Ìbejì lẹ́jọ́. Kóòtù kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọkọ-mi-Kékeré. Orúkọ tó wà nínú káàdì ìjọba ni wọ́n kọ sínú ìwé, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìlú yìí. Ijó dúró gbọnrangandan. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ̀yin wo ilé tán, ẹ gbàgbé orúkọ!

Nítorí náà, àṣẹ dé! Mo ní àṣẹ dé!

Òfin kìíní! Kí gbogbo ẹni tó ti tó ogún ọdún, ọkùnrin àti obìnrin, mú orúkọ gidi jáde ní ilé ìkàwé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Orúkọ inú káàdì! Kì í ṣe orúkọ ọmọ rẹ. Kì í ṣe orúkọ iṣẹ́ rẹ. Kì í ṣe orúkọ tí ìyàwó rẹ fi ń pọ́n ọ lé nígbà tó bá fẹ́ ra bàtà. Ọba ló kọ́kọ́ mú tiwọn jáde lánàá, níwájú gbogbo ìjòyè. Ẹ di ara yín mú. Orúkọ Kábíyèsí nínú káàdì ni Gílíbátì. Gílíbátì! Ìjòyè méjì ṣubú lulẹ̀. Ọba rẹ́rìn-ín títí adé fi yẹ̀ lórí. Ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ gbàgbé rẹ̀! Ẹni tó bá pe orúkọ yẹn lẹ́yìn òní, yóò máa dọ̀bálẹ̀ kí ewúrẹ́ ààfin ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún oṣù kan. Bí ewúrẹ́ kò bá dáhùn, kò gbọdọ̀ dìde!

Òfin kejì! Ìyàwó ilé láṣẹ láti pe àna lórúkọ. Nínú ilé ìkàwé nìkan o! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Tó bá pè é tán, kó kúnlẹ̀ kọjú síbi tí àna ń gbé, kó tọrọ gáfárà, kó dìde. Àna tó bá bínú, abẹ́ igi ìrókò ni yóò jókòó sí, yóò máa pe orúkọ ara rẹ̀ ní igba ìgbà, kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa bá a kà á.

Òfin kẹta ni bí a ṣe ń wá a. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ́. Irọ́ ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, mo mọ̀ yín! Ẹ tẹ orúkọ bàbá rẹ̀, ẹ tẹ orúkọ tirẹ̀, ẹ yan ìjọba ìbílẹ̀ ibi tó ti wá. Kì í ṣe tiwa nìkan! Ẹ ń wá ẹni tó dé lánàá nínú ìwé ìlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ibi tó ti wá ni orúkọ rẹ̀ wà! Orúkọ bàbá, orúkọ tirẹ̀, ibi tó ti wá! Tó bá ní orúkọ mìíràn, ẹ tẹ ìyẹn náà. Orúkọ bàbá, orúkọ tirẹ̀, ibi tó ti wá! Ẹni tó ní fóònù tó gbà á, kó ṣe é nílé, kó má wá fi fóònù halẹ̀ mọ́ wa. Ẹni tó bá sì fi ìka tí epo ń kán lára rẹ̀ tẹ kọ̀ǹpútà ìlú, òun ni yóò nu gbogbo fèrèsé ààfin. Àádọ́ta ni wọ́n, mo ti kà wọ́n!

Òfin kẹrin! Ẹ wo fọ́tò! Ẹ wo ọjọ́ orí! Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ láyé. Lẹ́yìn ijó yẹn, ẹ rí Súlè kan nínú ìwé, ọmọ ọgọ́ta ọdún, apárí kodoro. Lẹ bá sáré lọ bá Súlè tiwa tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ọmọ ọdún méjìlélógún tí irun bo gbogbo etí rẹ̀! Ẹ gba páńpù lọ́wọ́ rẹ̀! Kí ni páńpù ṣe fún yín? Kí páńpù Súlè padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbà á, ẹ̀yin ni ẹ ó máa fi ẹnu fẹ́ táyà àwọn oníbàárà rẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín á sọ fún yín!

Òfin karùn-ún! Tí ẹ bá rí orúkọ ńkọ́? Kò sí òkò! Kò sí kùmọ̀! Kò sí táyà, kò sí bẹntiróòlù! Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ kó ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ ẹni náà, ẹ gba ilé yín lọ. Òfin yìí kò lẹ́fẹ̀ nínú. Ìyà rẹ̀ náà kò lẹ́fẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Òfin kẹfà! Tí ẹ kò bá rí orúkọ, ẹ má jó! Ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ kò tíì tẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Tí ọmọ bá ní òun kò fẹ́ lọ sí ilé ẹnì kan, ẹ má nà án, ẹ má sọ pé aláìgbọràn ni, ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì gbà á gbọ́. Ẹni tó bá tún jó, yóò jó o níwájú ààfin láti àárọ̀ dé ọ̀sán, láìsí orin, láìsí àtẹ́wọ́, kí àwọn adìẹ ọba máa wò ó!

Òfin keje.

Ẹ jẹ́ kí n mí ná. Láti ẹnu ọ̀nà ààfin ni mo ti ń fi ẹ̀fẹ̀ sá fún un. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ orúkọ gidi tí ẹlòmíràn ń jẹ́, tó fi í pamọ́ nígbà tí ọmọdé wà nínú ewu, kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì wá jẹ́jọ́ níwájú ìlú. Èmi Akéde ni òfin yẹn kọ́kọ́ mú.

Mo mọ orúkọ Bàbá Jẹ́jẹ́. Mo wà níbi ìkómọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, èmi ni mo gbé àwo iyọ̀. Àkànní tí mo sọ fún yín kì í ṣe irọ́, oríkì rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ dáadáa pé kò ní jáde. Mo tún sọ fún yín pé ó ṣiṣẹ́ ní Kútọnu fún ọdún méje. Kò dé Kútọnu rí. Ẹ̀wọ̀n ló wà. Mo mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Mo mọ ọjọ́ orí ọmọ tó ṣe é fún. Mo ní ó ti yí padà. Mo ní ìyá wa ti darúgbó, ìtìjú lè pa wọ́n. Mo ní jẹ́jẹ́ ló ń wa ọkọ̀, ó máa ń dúró kí adìẹ kọjá. Ohun tí ènìyàn lè sọ fún ara rẹ̀ pọ̀ o!

Lánàá ni wọ́n lẹ orúkọ àwọn ọmọ mẹ́rìnlá náà mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́. Ìbídùn, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ìkẹsàn-án. Ó ti fọ bàtà rẹ̀, ó sá a sójú fèrèsé. Ó ń fò fáyọ̀, ó ní àbúrò mi ti ṣèlérí ìjókòó iwájú fún òun. Ìgbà náà ni mo tó dìde. Ẹ bá mi wí. Ọmọ mẹ́tàlá mìíràn wà lára ògiri yẹn, ẹ̀yin lẹ bí wọn, mo mọ gbogbo wọn. Ẹnu mi kò là nítorí ọ̀kankan nínú wọn, àfi ìgbà tó kan tèmi.

Ní àárọ̀ yìí mo lọ bá Fadérera. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ìka kan, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn. Fọ́tò rẹ̀ jáde. Bùbá tí mo rà fún un ló wọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kóòtù ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbi tí ọmọdé bá wà. Mo lọ sọ fún ọba. Ọlọ́pàá ti gbọ́, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti mú un lọ. Ọba ní ẹlòmíràn lè bá mi ké ìkéde òní. Mo ní rárá. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sunkún, ìdíje kò yẹ̀! Màdáámù Títílọpẹ́, tí a tẹ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ni yóò wa bọ́ọ̀sì, ìyá méjì yóò sì bá yín lọ. Ẹ lọ ṣẹ́gun wọn!

Ẹ gbọ́ o. Ẹ gbọ́ o. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni Agbéyangí. Orúkọ tirẹ̀ ni Dáníẹ́lì Mákanjúọlá. Ọmọ ìyá mi ni. Ọmọ tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ nípa rẹ̀ láàárín oṣù mọ́kànlá yìí, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ, ẹ mú un wá bá Fadérera. Ẹ má sọ òkò. Ẹ má lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n, àwọn ló sì ní kí n jáde wá ké e.

Agogo ń padà sí ààfin lónìí, wọn yóò fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí akéde bá ń lọ, yóò ní òun kọ́ ló sọ ọ́, ọba ló sọ ọ́, òun kàn fi ẹnu gbé e wá ni. Mo ti wí bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún. Ti òní yìí, èmi ni mo sọ ọ́.