Ẹ̀fúùfù Pààrọ̀ Ṣọ́ọ̀kì

Gbàgà!

Orí ìyá ìyàwó ló gbá àjà ọkọ̀ yẹn.

Awò ojú wọn fò kọjá láàárín ìjókòó méjì, ó balẹ̀ sórí itan Ẹ̀fúùfù tó ń wakọ̀. Bẹ́ẹ̀ ihò kékeré lásán ni táyà bọ́ sí o! Ihò tí adìẹ ò lè yé ẹyin méjì sí!

Onígbàjámọ̀ ni Ẹ̀fúùfù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò gbà ju àga méjì lọ, àmọ́ ọkọ̀ eré ló lọ rà: pupa fòò, ilẹ̀kùn méjì péré, ẹ́ńjìnnì tó ń bú ramúramù bíi kìnnìún tí wọ́n gba ẹran lẹ́nu rẹ̀. Àlòkù ni ṣá. Eré ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, irin tó yẹ kó máa gba gbígbọ̀n ọkọ̀ mọ́ra, ti kú pátápátá. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ti di bọ́ọ̀lù.

Ìyá ìyàwó kì í sì í jókòó síwájú. "Ẹ̀yìn ni èèyàn ńlá ń jókòó," ni wọ́n máa ń wí.

Ìyàwó mú awò ojú kúrò lórí itan ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ o. Bí orí màámi bá tún kan àjà yìí, ẹ ó ta ọkọ̀ yìí ni. Ẹni tó fẹ́ rà á ṣì ń pè mí."

Àyà Ẹ̀fúùfù já. Kí wọ́n ta ọkọ̀ kẹ̀? Ọkọ̀ tó máa ń kí láàárọ̀ kó tó kí ìyàwó!

"Fọkàn balẹ̀," ló wí. "Èmi fúnra mi ni mo máa pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì náà."

"Ẹ̀yin onígbàjámọ̀?"

"Ṣé kì í ṣe ká tú u, ká dè é ni?"

Ó ra ṣọ́ọ̀kì tuntun wálé. Gíríìsì dúdú tí wọ́n fi pa á kó má baà dípẹtà ti gba eruku nísọ̀, ó rí jágbajàgba. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó yọ táyà, ó ti sípánà bọ bóòtù ìsàlẹ̀. Bóòtù ní òun ò lọ. Ó fà á, kò mì. Ó bú u. Ó gbé òòlù.

Gbà! Gbà! Gbàù!

Ṣọ́ọ̀kì já, ó balẹ̀ sórí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Yééè! Ó ti pa mí o!"

Ẹ wá wo géńdé ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò wọlé, pọ́ń, pọ́ń, pọ́ń, tó ń wá omi gbígbóná. Ẹ̀rín ń pa mí!

Ìgbà tó fi padà jáde, ìyá ìyàwó ti wà nídìí ọkọ̀, wọ́n ń nu ọwọ́. Ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló wà lórí àpótí, ó ń dán yanranyanran.

"Ọkọ mi, mo ti bá ọ tún ibẹ̀ ṣe. Mo ti gbé èyí tó dọ̀tí yẹn fún oníirin àlòkù tó ń kọjá lọ."

"Ẹ ṣé gan-an, mà! Kò kúkú wúlò mọ́."

Ó gbé èyí tó ń dán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé ṣìììì. Kò jà, kò sì padà jáde.

"Háà! Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù! Rírọ̀ yìí gan-an la ń wá!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣọ́ọ̀kì tuntun kì í rọ̀! Èyí tó ti kú ló ń rọ̀! Ta ló fẹ́ sọ fún un? Onígbàjámọ̀ ti ń de bóòtù, ó ń súfèé.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wọn wọkọ̀. Ìyá ìyàwó jókòó sẹ́yìn bí èèyàn ńlá. Ẹ̀fúùfù dìídì forí lé àdúgbò tí wọ́n ti mọ òkìtì sójú títì kí ọkọ̀ má baà sáré.

"Ẹ máa wò ó, mà. Ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ọkọ̀ ń lọ."

Ó tẹná mọ́ ọn. Vùùùùmù!

Gbàgà! Àjà.

Gbì! Ìjókòó.

Gbàgà! Àjà lẹ́ẹ̀kejì.



Ìyàwó ti ń wá fóònù nínú báàgì. "Ẹ dágbére fún ọkọ̀ yín," ló wí jẹ́jẹ́.

Òógùn bo Ẹ̀fúùfù. "Gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún mi! Ṣọ́ọ̀kì tuntun ni mo dè síbẹ̀!"

"Tuntun wo?" Ìyá ìyàwó ń fọwọ́ pa orí lẹ́yìn. "Ṣé kì í ṣe èyí tó já lù ẹ́ lẹ́sẹ̀ ni? Èmi ni mo fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́! Mo bó gbogbo ìpẹtà ara ẹ̀ dànù, ó dán ju èyí tó kún fún gíríìsì yẹn lọ."

Ọwọ́ ìyàwó dúró nínú báàgì. "Màámi, èyí tó kún fún gíríìsì wá dà?"

"Ṣebí mo ní mo ti gbé e fún oníirin àlòkù. Kì í sì í ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ya òmùgọ̀."

 Ta ló fẹ́ bá ìyá ìyàwó jà? Ìyàwó náà rọra pa báàgì dé, ó ń wo ojú títì bí ẹni tí ò sí níbẹ̀.

"Kí ló wá fún yín, mà?" Ẹ̀fúùfù béèrè.

Ìyá ìyàwó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa bàsíà oníke ńlá kan jáde lábẹ́ ìjókòó, wọ́n dojú rẹ̀ dé orí, wọ́n gbún un wò, kó, kó, kó, wọ́n sì fẹ̀yìn ti ìjókòó.

"Òun nìyí. Ó yá, ọkọ mi, máa sáré ẹ lọ."