Bí Kẹ́hìndé Ṣe Di Àbúrò

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì mí yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, "Ọjọ́ ikú ni Kẹ́hìndé ń di àbúrò"? Ẹ máa rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan kú nínú rẹ̀.

Nígbà ayé àwọn baba ńlá wa, tí ogun ń fọ́ ìlú káàkiri, ìlú tó lágbára jù wá lọ ránṣẹ́ sí Òkè-Àpáta, ìlú wa, pé bí ọdún bá yípo, kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ ọkùnrin kan sílẹ̀ fún ogun. Ilé tó ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo kò ní wàhálà yíyàn; ẹkún nìkan ló ní. Ilé àwọn ìbejì ni ọ̀rọ̀ ti di gbọ́nmi-si-i-omi-ò-to. Táyé ń kọ ebè, Kẹ́hìndé ń ka ebè. Àrìnpé, ìyàwó Táyé, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún lẹ́yìn ọdún méje. Táyé kò fẹ́ lọ.

Baálẹ̀ Òjélàdé ní kí wọ́n fi eré ọdún yàn án: ìjàkadì nígbà ọyẹ́, odò wíwẹ̀ nígbà òjò, eré sísá lẹ́yìn iṣu tuntun. Ẹni tó bá borí ni yóò jókòó sílé.

Ọyẹ́ dé. Táyé gbé Kẹ́hìndé sọlẹ̀ gbì. Kẹ́hìndé kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ wò ó, àbúrò ń gun ẹ̀gbọ́n láyà." Òótọ́ ni. Nílẹ̀ wa, ẹni tó kẹ́yìn dé nínú ìbejì ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló rán Táyé ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Àwọn àgbà ní kí Táyé dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, wọ́n sì fagi lé ìjàkadì náà.

Òjò dé. Táyé wẹ odò já, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Kẹ́hìndé kò bọ́ aṣọ. Ó kàn ké sí i láti etí odò pé ṣé omi náà tutù. Táyé ní ó tutù. Kẹ́hìndé ní òun ti gbọ́, ó sì jókòó. Baálẹ̀ ní ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ ni ẹsẹ̀ ẹni tó rán an, nítorí náà, àwọn méjèèjì jọ dé òdìkejì ni.

Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé ọmọ Baálẹ̀ ni Kẹ́hìndé fẹ́.

Ó wá ku eré sísá. Àrìnpé ti bímọ nígbà náà. Táyé ronú títí, ó ní bó bá jẹ́ ẹni tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun náà yóò kẹ́yìn. Wọ́n ní kí wọ́n máa sá, Táyé dúró. Kẹ́hìndé, tí kò sáré rí láyé rẹ̀, jókòó. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, àwọn òǹwòran ránṣẹ́ sílé fún oúnjẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ìjàlọ wọ ṣòkòtò Kẹ́hìndé. Ó fò sókè, ó sáré láìmọ ibi tó ń lọ, ó sì kọjá igi tí wọ́n fi ṣe òpin eré. Táyé rọra rìn dé lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Baba, èmi ni mo kẹ́yìn."

"A rí ọ," ni Baálẹ̀ wí. "Eré sísá ni, ọmọ mi. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló borí."

Táyé lọ sógun. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi gbé fìlà rẹ̀ wálé. Kẹ́hìndé sunkún, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sunkún gidi. Baálẹ̀ ń tù ú nínú níwájú gbogbo ẹbí, ó ní Táyé ti ṣe bí ìṣe rẹ̀, ó ti ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ tọ́ ọ̀run wò.

Àrìnpé gbọ́. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Kẹ́hìndé.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin náà lẹ rán an. Kò tíì padà wá sọ fún wa pé ọ̀run burú, a jẹ́ pé ó dùn. Ọjọ́ wo lẹ máa tẹ̀lé e?"

Kẹ́hìndé wo Baálẹ̀; Baálẹ̀ ń wo àjà. Kẹ́hìndé nu ojú rẹ̀, ó sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́," ló wí. "Ẹni tí ìyá kọ́kọ́ bí ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò Táyé ni mí."

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà ìlú wa bá rí ẹni tó ń fi ipò àgbà jẹ ẹran, tí ẹrù àgbà wá dé tó yẹrí, wọn kì í bá a jà. Wọ́n á kàn yínmú, wọ́n á ní ọjọ́ ikú ni Kẹ́hìndé ń di àbúrò.