Súùtù Ìgbéyàwó Mi àti Oyè Díákónì

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo kúnlẹ̀ níwájú ìjọ ní Mínà tí n kò lè dìde mọ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀ wá.

Télọ̀ ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n àdúgbò Limawa ní Mínà ni mo gbé máṣíìnì mi kalẹ̀ sí láti ìgbà ọ̀dọ́, nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé rárá. Ẹ mọ̀ pé bí ènìyàn bá ń sanra, aṣọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ṣòkòtò bá ti fún mi, màá tú ìdí rẹ̀, màá fa aṣọ tó ṣẹ́kù sínú jáde, màá sì rán an padà kí omi tó hó lórí iná. Bí kò bá sí aṣọ nínú mọ́, màá wá èyí tó jọ ọ́, màá fi lẹ̀ ẹ́. Báyìí ni mo ṣe ń tóbi lọ lọ́dọọdún, tí ṣòkòtò kankan ò sì fún mi. Téèpù wà lọ́rùn mi láti àárọ̀ dalẹ́. Mo mọ ìbàdí gbogbo Limawa, àfi tèmi.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìyá tó bí mi kì í gbà kí a ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú àwo. Ó ní ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ kù ń pe ìyàn wálé. Mo pa òfin yẹn mọ́ ju Òfin Mẹ́wàá lọ. Màá jẹ tèmi tán, màá tún bá àwọn ọmọ jẹ tiwọn tán. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, kí n jẹ́ kí ara fúyẹ́. Mo ní mo ti gbọ́. Lóòótọ́ ni mo gbọ́. Etí mi ò ní àìsàn kankan.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi wa yàn mí pé kí n wá gba oyè díákónì, mo fẹ́ gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Tayi Village. Mo dá ọlọ́kadà dúró, àwọn tí a ń pè ní àchàbà níbí. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ọmọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó lọgun pé, "Haba, Baba! Ẹrù lèyí, kì í ṣe èrò!" Ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ta ló ń wò mí? Ndagi ni. Ọmọ Nupe ni Ndagi, Mùsùlùmí ni, télọ̀ bíi tèmi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi tí mo bí sí Mínà lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí tí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Bísí," ló wí, "aṣọ wo lo máa wọ̀ gba oyè yẹn? Àbí kí a kúkú lọ yá àgọ́ fún ẹ?"

Àwọn oníbàárà wà níjòkòó. Inú bí mi. "Súùtù tí mo fi gbé ìyàwó ni màá wọ̀."

"Kai! Èyí tó wà nínú fọ́tò ara ògiri yẹn?"

"Òun gan-an. N kò sì ní tú ojú rírán kan lára rẹ̀."

"Tó bá wọ̀ ẹ́, màá pa ṣọ́ọ̀bù dé, màá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Tí kò bá wọ̀ ẹ́, èmi ni màá rán aṣọ tí o máa wọ̀ gba oyè. Ó tán?"

"Ó tán!"

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe télọ̀ lè má mọ ohun tí mo fi ta tẹ́tẹ́. Kí télọ̀ wọ aṣọ tí télọ̀ iwájú ilé rẹ̀ rán, níwájú gbogbo ìjọ tó ń gbé aṣọ wá fún un! Ta ló tún máa gbé aṣọ wá?

Ìfijoyè ku oṣù mẹ́ta, mo bá gbógun ti ara mi. Láàárọ̀, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Lọ́sàn-án, omi ewúro. Lálẹ́, gààrí tí ẹyẹ lè jẹ tán. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Bísí, ẹ rọra o, ara kì í ṣe ọ̀tá yín." Ebi ò tilẹ̀ jẹ́ kí n ríran dáadáa mọ́. Lọ́jọ́ kan mo rán ọrùn aṣọ Alhaji kan dí pátápátá. Ó ti orí bọ̀ ọ́, ó wá ń jà nínú rẹ̀ bí ẹja inú àwọ̀n. Ó ń pariwo látinú aṣọ pé, "Télọ̀, ibo ni orí máa gbà jáde?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí.

Ṣùgbọ́n ara ń fọn. Ohun tí n kò rí ni pé bí mo ṣe ń dá oúnjẹ kọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ka àwọn èyí tí màá jẹ bí mo bá ti borí. Ẹnu mi ń gbààwẹ̀, ọkàn mi ń se ọbẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìfijoyè, mo gbé súùtù náà wọ̀ lójú Ndagi àti gbogbo àdúgbò. Ó wọ̀ mí! Bọ́tìnì wọlé, ìbàdí ṣòkòtò pàdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ndagi ní, "Madalla! Mo gbà. Ẹ máa rí mi lọ́la." Ìgbéraga gbé mi wọ ilé. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ogun ti parí, kí ó gúnyán. Ó gún un. N kò ní sọ iye òkèlè tí mo jẹ fún yín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún fi ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ń pè ní kókó àti kósé, àkàrà aládùúgbò wa, lé e. Súùtù ṣì wọ̀ mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti di èémí mú kí n tó ti bọ́tìnì.

A dé ilé Ọlọ́run. Pásítọ̀ ní kí àwa tí a fẹ́ fi joyè wá kúnlẹ̀. Bí orúnkún mi ṣe kan ilẹ̀, mo gbọ́ "pà!", bọ́tìnì ìbàdí fò, ó lọ bá àga ìwàásù. Lẹ́yìn náà, "fàààà," ìdí ṣòkòtò là láti òkè délẹ̀. Kóòtù ló bò mí láṣìírí. Bí mo bá dìde, ṣòkòtò á dúró síbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Wọ́n gbọ́wọ́ lé wa lórí, wọ́n gbàdúrà. Pásítọ̀ ní, "Ẹ dìde, ẹ̀yin díákónì." Àwọn yòókù dìde. Èmi dijú pinpin, mo figbe ta: "Olúwa, ṣàánú mi!" N kò gba àdúrà tó ti ọkàn wá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá kan ní, "Ẹ̀mí ti bà lé e!" Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n dá orin. Bí wọ́n ti ń kọrin ni mo ń kígbe, bí mo ti ń kígbe ni wọ́n ń gbé orin sókè.

Ndagi nìkan ni kò sunkún. Télọ̀ mọ ohùn aṣọ tó ya, bó wà lókèèrè. Ó dìde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ babban riga ọrùn rẹ̀, agbádá ńlá funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Ó wá fi bò mí láti èjìká dé ilẹ̀. Gbogbo ìjọ hó yèè pé Ọlọ́run ti fọwọ́ tọ́ ọkàn Mùsùlùmí. Ndagi bẹ̀rẹ̀ sétí mi.

"Bàbá Bísí, dìde. Aṣọ mi lo fi gba oyè yìí o."

Nígbà tí a délé, ẹ̀rín ò jẹ́ kí ìyàwó mi bá mi wí tán. Ó ní, "Bàbá Bísí, ara yín ló kúrò nídìí àwo. Ọkàn yín ṣì jókòó síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí ju súùtù lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara mi. Mo rí i pé kì í ṣe ebi ló ń gbé ọwọ́ mi lọ sínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì tí mo ń kó kúlíkúlí sí. Ìbínú ni, àti àárẹ̀, àti ọ̀rọ̀ gbígbóná oníbàárà. Mo kó abẹ́rẹ́ sí dúrọ́ọ̀ yẹn. Bí inú bá bí mi, màá rìn dé ìdí igi ẹ̀bá ọ̀nà, màá padà. Mo rán ṣòkòtò tuntun fún ara mi, n kò fi aṣọ kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀ tí mo lè tú. Mo sì jókòó bá òfin ìyá mi sọ̀rọ̀: oúnjẹ tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí a bù ú pamọ́, ikùn mi kì í ṣe àká.

Mo ṣubú o! Iléyà dé, Ndagi gbé ẹran àgbò wá, mo jẹ ẹ́ dé eegun. Tẹ́lẹ̀ rí, màá ní ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn, kí n kúkú máa jẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí àwo kan fọ́ mọ́ lọ́wọ́, ṣé ó yẹ kí ó kó ìyókù sọ́wọ́ fọ́ wọn? Lọ́jọ́ kejì mo padà sídìí èyí tí mo ń ṣe. Kò yára rárá. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, ara mi sì dúró síbi tí ọkàn mi dúró sí. Dókítà yẹn gan-an bọ̀ mí lọ́wọ́. Lónìí, àwa èrò mẹ́ta ń jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Bosso, ẹnikẹ́ni kì í kérora. Bí mo bá ń fọ́nnu, ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu. Mo ṣiṣẹ́ fún un.

Ohun kan ló kù tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wa kan ṣì ń jẹ́rìí títí dòní pé lọ́jọ́ tí mo gba oyè, àwọn fi etí ara wọn gbọ́ ìró bí Ẹ̀mí ṣe sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á yíjú sí mi. Èmi á tẹrí ba, màá ní, "Àmín." Ta ló máa sọ fún wọn pé ṣòkòtò ni?