Adé Ewé Àǹtí Marlys

Ẹ bá mi kí Marlys Dettweiler, a-fẹnu-rin-igbó, ọ̀gá àwọn tí ń ti ojú fèrèsé wo òjò. Ẹ̀fọn kan ṣoṣo ló jẹ ẹ́ lésìí, ó sì tìtorí ẹ̀ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n tó bá ń bá òbí àwọn ọmọ kámpù sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé béárì ló wò ó dàgbà. "Ọmọbìnrin tí kò bá sun ìta rí," á ní, "kò tíì mọ ara rẹ̀. Ìta ló ń sọ ojo di akíkanjú. Ẹ wo èmi náà." Wọ́n á wò ó. Wọn ò ní rí nǹkan kan ju ẹ̀gbà ọrùn lọ.

Ipò olórí Kámpù Birchwater ló ń wá, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń lo ìsinmi ẹ̀rùn létí adágún, lápá àríwá Wisconsin. Màmá Ardith tó ń darí ibẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọn a sì máa gbé àwòrán olórí kọ́ yàrá ìjẹun, gàgàrà bí ilẹ̀kùn. Marlys ti lọ ya tirẹ̀ sílẹ̀, ó dorí àjẹ̀ ọkọ̀ kodò lọ́wọ́.

Ìṣòro kan ló wà. Kò sí ọmọ tí ń kúrò ní Birchwater láìdá sun igbó fún òru kan, Màmá Ardith sì ní ẹni tó máa jẹ olórí náà gbọ́dọ̀ sùn ún. Marlys gbé àpò ìsùn kọ́rùn, ó juwọ́ sí gbogbo ayé, ó wọ igbó níwájú, ó jáde lẹ́yìn. Ilé ìtura etí ọ̀nà márosẹ̀ ló sùn sí, nínú atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wo dígí, inú rẹ̀ bàjẹ́. Ara rẹ̀ ń dán jù. Ta ni yóò gbà pé ẹni tó ń ta sánsán báyìí ti igbó bọ̀? Ó bá já ewé kan lẹ́yìn ilé ìtura náà, ewé tútù minimini tó yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ó fi hun adé, ó fi ṣe àmùrè, ó tún fún oje rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Àwọn òbí àti ọmọ ti pé jọ sétí adágún nígbà tó yọ. Ó na apá méjèèjì. "Ẹ wá dì mọ́ Ìyá Igbó."

Àwọn ọmọ fà sẹ́yìn. Ó sún mọ́ wọn, wọ́n tún fà sẹ́yìn. Ọ̀kan ti wọ omi dé orúnkún. Ọlá mi ló ń bà wọ́n lẹ́rù, Marlys sọ nínú ara rẹ̀, orí rẹ̀ sì wú.

Tilda Kvam, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò lè wo àlejò lójú nígbà tó kọ́kọ́ dé kámpù, ló bọ́ síwájú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí ewé yẹn?"

"Níbi tí mo sùn ni, ọmọ mi. Òun ni mo tẹ́, òun ni mo fi ṣe ìrọ̀rí. Igbó mọ ẹni tirẹ̀."

"Gbogbo òru, mà?"

"Títí ilẹ̀ fi mọ́."

"Ó mà ṣe o. Ewé olóró ni, mà. Ọjọ́ tá a dé gan-an ni wọ́n ti fi hàn wá."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ wèrèpè, wèrèpè ò tó gbé bàtà fún ewé yìí. Marlys rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mu ọtí kíkan. "Mo mọ̀ ọ́n. Èmi àti ẹ̀ ti jọ mulẹ̀."

Màmá Ardith mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fara kàn án ni, ọṣẹ àti omi ì bá gbà yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó sun orí ẹ̀ dàárọ̀, omi ò rí i ṣe mọ́. Ojú yẹn máa wú bíi búrẹ́dì ni. Ẹ jẹ́ ká fi yín joyè kó tó bẹ̀rẹ̀."

Marlys fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oyè rèé, ojú rèé. Ó tún ọ̀fun ṣe. "Ká ní ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ já a ńkọ́?"

"Ẹnì kan wo?"

"Ẹnì kan ṣáá."

"Ẹni yẹn ò sun igbó nìyẹn," Tilda wí.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, tàbí kẹ̀ ìbẹ̀rù ni. Ló bá bú sẹ́kún. "Mi ò sun igbó kankan! Ẹ̀yìn ilé ìtura ni mo ti já a láàárọ̀ yìí. Ẹ gbé ọṣẹ wá!"

Ẹ̀rín sọ. Bàbá kan rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó lé kéèkì tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá. Àwọn ọmọ ò ráyè rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n fi igi yọ adé kúrò lórí rẹ̀, wọ́n tì í sómi taṣọtaṣọ. Àwọn tó sunkún ìyá wọn lọ́sẹ̀ tí wọ́n dé ló ń pàṣẹ báyìí: "Ẹ gbápá sókè, Àǹtí. Ẹ yíjú sọ́hùn-ún."

Láàárín ìfòfó, lójú gbogbo òbí, Marlys lanu. "Tilda, oyè yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì lè..."

"Ẹ panu dé, mà," Tilda wí, ó ń rẹ kànìnkànìn. "Ọṣẹ máa kó sí i."